Egbò Tí “A Dúpẹ́” Bò Mọ́lẹ̀

“Ẹ ǹlẹ́ nílé o! Báwo lara Bàbá?”

“Àlùhàmdùlíláì. Ara ti ń yá. A dúpẹ́.”

“Ọlọ́run á ṣe é láṣepé.”

“Àmín o. Ẹ jókòó.”

Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn láti àárọ̀ títí di alẹ́ ní agboolé Bàbá Sàlámì ní Bẹyẹrunka, nílùú Ìbàdàn. Bàbá Sàlámì fúnra rẹ̀ máa ń wà níbẹ̀. Ara rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Aránfìlà ni Bàbá Sàlámì. Ọ̀pọ̀ orí ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ àti lójú ọ̀nà Mápó ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti bò láṣìírí. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú un, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kọ̀, wọn kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ wá ń jáde lẹ́nu rẹ̀ wúwowúwo, bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ wọn, ẹ̀mí rẹ̀ sì dúró. Nígbà tó tó àkókò láti máa lọ sílé, wọ́n di oògùn rẹ̀ sínú ọ̀rá, wọ́n gbé e fún Karimat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wọ́n sì wí fún un pé, “Ẹ máa tọ́jú Bàbá dáadáa o.”

Gbólóhùn kan yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe ń yí ẹni tí apá kan ara rẹ̀ ti kú padà lórí ibùsùn, wọn kò fi hàn án. Bí ènìyàn ṣe ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dìde tí ẹ̀yìn tirẹ̀ náà kò fi ní kán, wọn kò fi hàn án. Ibi tí egbò ti máa ń kọ́kọ́ yọ lára ẹni tí kò lè dá ara rẹ̀ yí, wọn kò dárúkọ rẹ̀. “Dáadáa” ni wọ́n ní kó máa ṣe é. Ẹni tó bá sì ti mọ ohun tí “dáadáa” jẹ́ nínú irú iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó sọ fún un, nọ́ọ̀sì ni. Kò nílò ìmọ̀ràn wọn.

Nílé, Àtọ́kẹ́, ẹ̀gbọ́n Bàbá lóbìnrin, tí gbogbo agboolé ń pè ní Ìyá Àgbà, ni àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin rere ni. Ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ bí ojú. Ṣùgbọ́n ó ní òfin méjì tí kì í yẹ̀. Èkíní ni pé ẹnu ará ilé aláìsàn kò gbọdọ̀ sọ pé ara kò yá. “Ẹnu lẹ fi ń pè é wá,” bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Èkejì ni pé àlejò kò gbọdọ̀ bá Bàbá ní ìdùbúlẹ̀. “Kí wọ́n máa lọ wí ní Ọjà'ba pé Sàlámì ti di ẹni orí ẹní? Kì í ṣe lójú tèmi!”

Nítorí náà, láràárọ̀, kí àlejò àkọ́kọ́ tó dé, wọ́n á ti wẹ Bàbá, wọ́n á wọ bùbá fún un, wọ́n á dé e ní fìlà, wọ́n á sì gbé e sórí àga onígi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò wà títí wọn yóò fi kírun Ìṣáì. Àlejò á wá, àlejò á lọ, Bàbá kò ní kúrò lójú kan. Bí ó bá fẹ́ rọra fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, Ìyá Àgbà á fi ìrọ̀rí há a padà sí àárín.

“Jókòó dáadáa, Sàlámì. Àwọn èèyàn ń bọ̀.”

Karimat ló ń wẹ̀ ẹ́. Ike àti abọ́ ni Karimat ń tà ní Ọjà'ba, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti wà ní títì láti ìgbà tí Bàbá ti dé láti ọsibítù. Ojú ń tì í láti wo ìhòòhò bàbá rẹ̀. Ìró ló máa ń ró mọ́ ọn nídìí, á ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìró náà pẹ̀lú kànìnkàn, á sì kọjú sí ògiri títí yóò fi wẹ̀ ẹ́ tán. Ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀wọ̀ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ìró.

Àfi àárọ̀ ọjọ́ kan tó fẹ́ fọ ṣòkòtò tí Bàbá bọ́ sílẹ̀. Ó rí àbàwọ́n kan níbi ìjókòó rẹ̀. Kì í ṣe ìtọ̀. Ó ní àwọ̀ bí omi ìrẹsì tó ti bàjẹ́, ó sì ń rùn. Ó mú un lọ bá Ìyá Àgbà ní ẹ̀yìnkùlé.

“Ẹ wo èyí, mà.”

Ìyá Àgbà wò ó, ó sì yára gbójú kúrò. “Òógùn ni.”

“Òógùn kì í rùn báyìí, mà.”

“Karimat! Mo ní òógùn ni. Fọ̀ ọ́. Àlejò ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, má pariwo.”

Karimat fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Nǹkan ń jẹ bàbá rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀, ta ni yóò dá a dúró kó tó gbẹ̀mí rẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì Hilda dé. Ó wà lára àwọn nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń ṣe ìwádìí káàkiri àwọn agboolé. Wọ́n fẹ́ mọ bí ìdílé ṣe ń tọ́jú aláìsàn lẹ́yìn tí ọsibítù bá ti ní kí wọ́n máa lọ, àti irú ìrànlọ́wọ́ tó yẹ kí àwọn nọ́ọ̀sì máa ṣe fún wọn. Karimat ti gbà láti ọsibítù pé kí wọ́n wá. Kò sọ fún Ìyá Àgbà.

“Ẹ káàárọ̀, mà.”

“Ẹ káàárọ̀ o. Ta lẹ̀ ń wá? Bó bá jẹ́ owó-orí ni, baálé ilé ò sí nílé.”

Baálé ilé jókòó sórí àga rẹ̀ níwájú wọn, ó ń wò wọ́n.

“Owó-orí kọ́, mà. Nọ́ọ̀sì ni mí, Hilda lorúkọ mi. A ń ṣe ìwádìí nípa—”

“Ìwádìí! Kí la jí?”

Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Hilda náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ ò jí nǹkan kan, mà. Àwa gan-an ni à ń wádìí ara wa. A fẹ́ mọ ohun tó yẹ ká kọ́ yín nípa ìtọ́jú Bàbá tí a ò kọ́ yín.”

“Hẹ̀n. Ọmọ ibo ni yín?”

“Ọmọ Àrẹ̀mọ ni mí, mà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláṣọ funfun ni agboolé wa wà.”

“Àwọn tó máa ń lu agogo kí àkùkọ tó kọ yẹn?”

“Àwa náà ni, mà. Ẹ má bínú.”

“Àrẹ̀mọ! Ọmọ ilé ni ọ́ nígbà náà. Kí lo wá dúró sẹ́nu ọ̀nà fún bí agbowó-orí? Wọlé, jókòó, jàre.”

Hilda jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀.

“Báwo lara Bàbá, mà?”

“Àlùhàmdùlíláì. Ara ti ń yá.”

“Ṣé wọ́n ń jẹun?”

“Ó ń jẹun dáadáa.”

“Oorun wọn ńkọ́?”

“Ó ń sùn bí ọmọ tuntun.”

“Ṣé kò sí ibi tó ń dùn wọ́n?”

“Kò sí. A dúpẹ́.”

“Ẹni tó ń tọ́jú wọn ńkọ́? Ṣé kò rẹ̀ ẹ́?”

“Ó ń rẹ èèyàn bí? Ọmọ ń tọ́jú bàbá rẹ̀, ìyẹn náà ti wá di iṣẹ́?”

Karimat dúró lẹ́bàá ògiri, ó gbé omi àlejò lọ́wọ́. Ó la ẹnu. Ìyá Àgbà fi ojú kan ṣoṣo wò ó. Ó pa ẹnu náà dé.

Hilda rí ẹnu tó là, ó sì rí i nígbà tó padé.

“Mà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń yà mí lẹ́nu fún yín. Gbogbo agboolé tí mo ti dé láti Àrẹ̀mọ títí dé Bẹẹrẹ ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé ara ti yá, pé àwọn dúpẹ́. Kò sí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Àwọn wo ló wá ń padà wá kún bẹ́ẹ̀dì wa ní ọsibítù? Àbí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni?”

“Ẹ fi Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ o, nọ́ọ̀sì,” ni Olúwọlé, káfíńtà àdúgbò tí í ṣe ọ̀rẹ́ Bàbá, wí láti orí bẹ́ǹṣì. “Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyàwó mi. Ara wọ́n le ju tiwa lọ.”

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Hilda dìde. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú àga Bàbá, ó sì wo ojú rẹ̀.

“Bàbá, ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ̀yin gan-an ni mo wá kí. Báwo lara yín?”

“Ara rẹ̀ ti ń—”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà. Bàbá ni mo bi.”

Bàbá Sàlámì wo ọmọbìnrin tó bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀ bí ẹni tó rí ohun tó ti sọ nù. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí apá kan. Ó ń wá ọ̀rọ̀ náà kiri, ó sì rí i.

“Ìdí,” ló wí.

“Sà?”

“Ìdí… ń dùn mí.”

Kò sí ẹni tó mọ ojú tí wọ́n á fi wo ara wọn. Olúwọlé ni ẹ̀rín kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé bú sí i. Bàbá pẹ̀lú ń fi ìdajì ẹnu tó kù rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ó ti… pẹ́. Ẹ ò… bi mí.”

Òótọ́ ni. Gbogbo ẹni tó ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, tó mu omi, tó gba àdúrà gígùn, tó sì fi ẹ̀dùn ọkàn hàn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè tí ọmọdé lè béèrè. Àrùn mú ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló fi ìfẹ́ gba ẹnu rẹ̀.

Karimat gbé omi sílẹ̀. “Mo rí i lára ṣòkòtò wọn! Ó ń rùn, nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní òógùn ni.”

“Karimat! Ṣé o fẹ́ fi ẹnu pa bàbá rẹ ni?”

“Mà,” ni Hilda wí ní ohùn pẹ̀lẹ́, “bó bá jẹ́ ohun tí mo rò ni, ẹnu kọ́ ló ń pa ènìyàn nínú rẹ̀. Egbò ni. Ẹ jẹ́ kí n wò wọ́n.”

Olúwọlé àti Hilda gbé Bàbá wọ yàrá, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n sì ṣí kìkì ibi tó yẹ kí wọ́n ṣí. Egbò kan wà níbi tí egungun ìdí ti sún mọ́ awọ, ó fẹ̀ tó ẹnu ife ìmumi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibòmíràn ti dúdú ju awọ ara yòókù lọ, ó gbóná, ó sì le.

Hilda pe Ìyá Àgbà wọlé kó wá wò ó. Ìyá Àgbà wò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbójú kúrò.

“Kí ló ṣe é báyìí?”

“Àga yẹn ni, mà.”

“Àga? Orí àga yẹn ni Sàlámì ti ń rán fìlà láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú! Kò dá egbò sí i lára nígbà náà.”

“Nígbà yẹn, ṣé ojú kan ni wọ́n ń jókòó sí? Wọ́n á nawọ́ mú òwú. Wọ́n á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bá ẹni tó ń kọjá sọ̀rọ̀. Wọ́n á dìde lọ ṣe àlùwàlá. Ìyẹn ló ń gba ara là. Ní báyìí, wọn ò lè yí ara wọn. Láti àárọ̀ títí di alẹ́, egungun ń tẹ ẹran ara mọ́ igi, ẹ̀jẹ̀ ò ráyè kọjá. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé lára, kíkú ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Bí kòkòrò bá sì gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, mà, ó lè yára pa wọ́n ju rọpárọsẹ̀ lọ.”

Ìyá Àgbà ronú. “Ó dáa. Ká ká òṣùká, ká fi sí i lábẹ́, kí egbò náà bọ́ sí ihò àárín rẹ̀.”

“Ó jọ ọgbọ́n, mà, ṣùgbọ́n kì í ṣe é. Òṣùká á tẹ gbogbo ẹ̀gbẹ́ egbò náà, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní dé àárín mọ́. Ẹ má lò ó.”

“Ká tú kápúsù sí i ńkọ́?”

“Rárá, mà.”

“Sípíríìtì?”

“Rárá.”

“Ká fi róòbù ra ibi tó le yẹn?”

“Rárá o! Ẹ má fọwọ́ ra ibẹ̀. Ara tó ti rẹ̀ ni ẹ ó tún máa bó.”

“Kí ló wá kù?”

“Ọwọ́ èèyàn ló kù, mà. Wọ́n á máa fọ egbò náà ní ilé ìtọ́jú, mo máa júwe ibẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n nílé níbí, ẹ gbọ́dọ̀ máa yí wọn padà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ní wákàtí méjì-méjì. Ẹ wá fún mi ní ọkùnrin kan tí yóò máa wẹ̀ wọ́n, tí yóò sì máa wo awọ wọn lójoojúmọ́.”

Wọ́n tẹ Jubril láago. Jubril ni àkọ́bí Bàbá. Máíkírà, tasí kékeré, ló ń wà láti Mọlété sí Bẹẹrẹ. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kò fẹ́ràn bàbá rẹ̀: ọjọ́ Jímọ̀ kan kì í kọjá kó má gbé ọsàn wá, kó dúró ti Bàbá, kó ya fọ́tò, kó sì máa lọ. Ó já wọlé tòun ti òógùn lójú.

“Ta ló pa Bàbá?”

“Kò sẹ́ni tó kú, Bọ̀ọ̀dá mi,” ni Karimat wí. “Ẹ̀yin lẹ máa wẹ̀ wọ́n láti òní lọ.”

“Èmi? Karimat, ìwọ tí o ti mọ̀ ọ́n ṣe…”

“Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe! Ògiri ni mo máa ń wò bí mo bá ń wẹ̀ wọ́n. Mo mọ gbogbo ibi tí ọ̀dà ti bó lára ògiri ilé yìí. Mi ò mọ ara bàbá mi.”

Jubril yíjú sí Ìyá Àgbà kó gbà á sílẹ̀. Ìyá Àgbà kò gbà á.

“Òótọ́ ló wí. Ọkùnrin ló yẹ kó wẹ ọkùnrin. Ẹ̀sìn wa náà ò sọ nǹkan mìíràn. Ìtìjú ọmọ yìí àti agídí tèmi la fi bo egbò náà. Ká ọwọ́ aṣọ rẹ.”

Hilda ká aṣọ ìbora kan ní ìlọ́po méjì, ó rọra kì í sábẹ́ Bàbá, ó ní kí Jubril di etí kan mú, kí Olúwọlé di èkejì.

“Ẹ má wọ́ wọn o. Bí ẹ bá wọ́ wọn, awọ á bó. Gbígbé ni kí ẹ gbé wọn. Ẹ jọ gbé e lẹ́ẹ̀kan náà.”

“Ó yá, Mọlété wọlé!” ni Jubril wí nítorí ẹ̀rù tó ń bà á. Ó fa aṣọ náà gbì.

“Rọra,” ni Bàbá wí láti ìsàlẹ̀. “Mi ò… sanwó… ọkọ̀.”

Ẹ̀rín pa Olúwọlé débi pé ó fi aṣọ sílẹ̀, wọ́n sì ní láti tún un bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó bọ́ sí i. Bàbá yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì pẹ̀lú ìrọ̀rí lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn láàárín orúnkún rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

Nígbà náà ni Jubril rí egbò náà. Àwàdà kúrò lójú rẹ̀.

“Gbogbo Jímọ̀ ni mò ń wá,” ló wí. “Mo ní fọ́tò wọn lórí fóònù mi. Ojú wọn ń dán.”

“Fọ́tò yín kì í dé ìdí, Bọ̀ọ̀dá mi,” ni Karimat wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni Jubril fi máíkírà rẹ̀ gbé Bàbá lọ sí ilé ìtọ́jú, láìgbé èrò mìíràn. Wọ́n fọ egbò náà, wọ́n dì í, wọ́n sì sọ ọjọ́ tí wọ́n á tún gbé e wá. Láti ìgbà náà, kí Jubril tó jáde láàárọ̀, á ti wẹ Bàbá, á sì ti wo awọ rẹ̀ láti èjìká títí dé gìgísẹ̀. Karimat ń fi ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin kún oúnjẹ Bàbá, nítorí Hilda ti ṣàlàyé pé inú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni ara ti ń rí ohun tó fi ń hun ẹran tuntun.

Ṣùgbọ́n yíyí padà ní wákàtí méjì-méjì kì í ṣe iṣẹ́ ẹni kan. Jubril wà lójú pópó. Olúwọlé ní igi tó ń gé. Karimat kò lè dá a gbé.

Ìyá Àgbà ló rí ọ̀nà àbáyọ, òun nìkan ló sì lè rí i. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

“Ṣé àlejò ló wọ́n wa ni?” ló wí.

Mutmainnah, ìyá aláṣọ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, ló kọ́kọ́ ko ìyípadà náà. Léèsì ló wọ̀, gèlè rẹ̀ sì kan àtẹ́rígbà.

“Ẹ ǹlẹ́ nílé o. Báwo lara Bàbá?”

“Wọ yàrá lọ bi í.”

“Mà?”

“Ó ní ẹnu. Bi í. Bó bá ti dá ọ lóhùn tán, bá Karimat yí i sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Àkókò ti tó.”

“Ìyá Àgbà, mo kàn ní kí n kí wọn ni o.”

“Ìkíni tí mo ń sọ náà nìyẹn. Bọ́ gèlè yẹn, kó má ṣubú lé e lójú.”

Mutmainnah bọ́ gèlè. Nígbà tó jáde, òógùn bò ó, inú rẹ̀ sì dùn gan-an. “Ẹ gbọ́ ná, Bàbá mọ ẹ̀fẹ̀ tó báyìí! Wọ́n ní ọwọ́ mi le ju ti Jubril lọ!”

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ ní Bẹyẹrunka. Àwọn kan tí wọ́n ti máa ń jókòó láti Àyìlà dé Àlàásárì kò padà wá mọ́. Ìyá Àgbà kò ránṣẹ́ pè wọ́n. Àwọn tó ń wá ti tó. Karimat ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà. Ọ̀sán ló máa ń lọ síbẹ̀, àwọn àlejò á sì máa yí Bàbá padà títí yóò fi dé.

Irú egbò bẹ́ẹ̀ kì í yára jinná, èyí náà kò sì yára. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra. Nígbà tí Hilda padà wá bí ìwádìí wọn ṣe là á sílẹ̀, ibi tó fẹ̀ bí ẹnu ife ti kéré bí èékánná.

“Báwo lara Bàbá, mà?” ló bi Ìyá Àgbà lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ bi Bàbá.

“Kò fẹ́ ẹyin mọ́, ó ní adìẹ ń bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú òun. Kò sùn dáadáa lánàá. Ẹ̀yìn ń dun Karimat. Ọwọ́ Jubril kò le tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Èmi náà, orúnkún mi yìí…”

“Mà, ẹ rọra, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.”

“Ìwọ lo ní ká máa sọ òótọ́! O ò tíì gbọ́ ti etí mi.”

Láti inú yàrá, ẹ̀rín Bàbá Sàlámì jáde wá bá wọn.

Ẹ̀yin ará ilé aláìsàn, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọkùnrin yìí kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́. Ìfẹ́ pọ̀ ní ilé náà. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ìmọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù ì bá sì ti fún wọn ní ìmọ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó máa lọ sílé.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ máa gbé aláìsàn yín lọ sílé, ẹ má tíì dìde. Ẹ wí fún nọ́ọ̀sì pé kó fi ọwọ́ hàn yín bí wọ́n ṣe ń yí i, bí wọ́n ṣe ń gbé e, bí wọ́n ṣe ń fún un lóúnjẹ. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe é lójú rẹ̀, kó wò yín. Ẹ béèrè ẹni tí ẹ lè pè bí nǹkan bá yí padà. Ẹ̀tọ́ yín ni, kì í ṣe ojú àánú. Nọ́ọ̀sì tó bá sì ní òun kò ráyè, kó wá ẹni tó ráyè fún yín.

Ẹni tí kò lè dá ara rẹ̀ yí, ẹ má fi sójú kan, ìbáà jẹ́ lórí àga, ìbáà jẹ́ lórí ibùsùn. Lójoojúmọ́, ẹ wo ìdí rẹ̀, ìgbáròkó, èjìká, ìgbọ̀nwọ́ àti gìgísẹ̀. Lára àwa adúláwọ̀, ibi tó fẹ́ di egbò lè má pọ́n: ó lè dúdú sí i, ó lè gbóná, ó lè le. Bí ẹ bá rí i, ẹ gbé ìwúwo ara kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kàn sí ilé ìtọ́jú. Ẹ má tú kápúsù sí i, ẹ má ra á, ẹ má fi òṣùká sí i lábẹ́.

Bí nọ́ọ̀sì tàbí olùwádìí bá bi yín léèrè, ẹ má fi “a dúpẹ́” lé e lọ. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ sọ ibi tó ń dùn fún nọ́ọ̀sì. Kò sí èyí tó ba èkejì jẹ́. Kí ẹ tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí aláìsàn dáhùn ná. Ẹ sì bi ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú bóyá ó ti sùn, nítorí ẹni kan ṣoṣo kò lè gbé gbogbo ara ẹlòmíràn fún ọjọ́ pípẹ́ kí tirẹ̀ náà má wó.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ kí aláìsàn lọ́la: ẹ ṣàdúrà, kí ẹ ṣe é kúkúrú. Lẹ́yìn àdúrà, ẹ béèrè ẹ̀gbẹ́ wo ló kàn. Ẹ wọ aṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣeé ká.